Ìdákẹ́jẹ́ Ìṣẹ́jú Kan

"Òkú là ń dákẹ́ fún, Alhaji. Abdulhaleem ò kú."

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí kóòṣì máa sọ ọ́ fún Alhaji tí àjọ líìgì bọ́ọ̀lù rán wá nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí pápá yìí kan náà ni ẹsẹ̀ Abdulhaleem, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, ti kán sí méjì. Ìyá rẹ̀ ti fi ìsọ̀ iṣu rẹ̀ ní ọjà Ìpàta sílẹ̀, ó ń jókòó tì í ní ọsibítù. Kóòṣì bẹ líìgì kí wọ́n sún eré òní sí ọjọ́ mìíràn, wọ́n kọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan ni wọ́n fi tù ú nínú.

"Ẹ jẹ́ ká kúkú ṣe àdúà fún un, kó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn."

"Ó ti wà nínú ìwé ètò. Ẹ má bínú."

Rẹfirí fọn fèrè. Gbogbo pápá pa lọ́lọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù dorí kodò. Fóònù kóòṣì dún. Abdulhaleem ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mò ń gbọ́ yín lórí rédíò. Wọ́n ní èmi lẹ̀ ń dákẹ́ fún. Kí ni àwọn dókítà sọ fún yín tí wọn ò sọ fún mi?"