Àgbébọ̀ àti Àdúrà Òbúkọ

Àlọ́ mi já fírí, ó lọ bà sórí Àgbébọ̀ adìẹ.

Òjò ńlá kan rọ̀, ó ba ilé àwọn ẹranko jẹ́. Ẹ̀rù bà wọ́n pé Ọlọ́run ń bínú, ni wọ́n bá gun orí àpáta lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fi àmì kan hàn bó bá ṣì fẹ́ràn wọn. Òbúkọ olóhùn gooro ló ṣáájú àdúrà.

"Ẹ dijú! Ẹni tó bá lajú ló ba àdúrà wa jẹ́ o!"

Gbogbo wọn dijú pinpin. Àdúrà Òbúkọ kò lópin. Òùngbẹ wá ń gbẹ Àgbébọ̀. Ó rọra fẹnu kan omi òjò tó dúró lórí àpáta, ó gbórí sókè kó lè gbé e mì. Àfi òṣùmàrè rẹrẹ lójú ọ̀run! Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó bẹ́ sórin:

Ẹ lajú, ẹ wòkè o,
*Àràmọ̀ǹdà!*
Ẹlẹ́dàá wa mà ti dáhùn,
*Àràmọ̀ǹdà!*

Àwọn yòókù gbè é dáadáa, ṣùgbọ́n wọn ò lajú.

"Ìyá oròmọdìẹ, ẹ dákẹ́ jàre, à ń gbàdúrà!" Òbúkọ jágbe mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa ṣe àmín, òṣùmàrè ti lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mí kanlẹ̀. "Ọlọ́run kò dá wa lóhùn."

"Ó dáhùn, bàbá," ni Àgbébọ̀ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yin lẹ dijú."

Láti ọjọ́ náà, bó ti wù kí òùngbẹ gbẹ adìẹ tó, bó bá ti fẹnu kan omi, á gbójú sókè wo ohun tí Ẹlẹ́dàá tún fi dárà. Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ bu omi fún adìẹ ilé yín, kí ẹ máa wò ó.