Àwọn tó lóṣòó sẹ́nu ihò Òkété

Àlọ́ mi rá kọ́rọ́, ó já sínú ihò Òkété, onígbèsè tó ń ṣe ṣakaṣaka.

Òkété yá agbọ̀n àgbàdo kan lọ́wọ́ Ọ̀pọ̀lọ́, ó jẹ ẹ́ tán, kò san án. Ni Ọ̀pọ̀lọ́ bá wá lóṣòó sẹ́nu ihò rẹ̀, ó ń kọrin:

Òkété, kó àgbàdo mi jáde,
— Tẹ̀ǹtẹ́rẹ́!
Mo ti lóṣòó, n ò ní dìde,
— Tẹ̀ǹtẹ́rẹ́!

Ìyàwó Òkété ní, "Baálé mi, ẹ jẹ́ ká dín oúnjẹ kù, ká máa san án ní ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan."

"Kí n máa bu ẹ̀kúnwọ́ fún Ọ̀pọ̀lọ́ lójú aráyé? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Òkété gbẹ́ ihò sẹ́yìnkùlé, ó gba ibẹ̀ lọ yá àgbàdo Ehoro láti fi san ti Ọ̀pọ̀lọ́. Ó jẹ ẹ́ tán lọ́nà. Ehoro náà wá lóṣòó sẹ́yìnkùlé. Òkété tún gbẹ́ òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó lọ yá ti Ọ̀yà, ó jókòó sínú igbó, ó jẹ ìyẹn náà. Nígbà tó fi máa padà, Ọ̀yà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.

Ó sá lọ wo iwájú ilé. Ọ̀pọ̀lọ́ ti lọ! Ìyàwó Òkété ti ń bu àgbàdo ẹnu ara rẹ̀ san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ti san án tán. Òkété wú fùkẹ̀, ó fẹ́ wọlé bíi baálé. Àfi bí ìyàwó ṣe lóṣòó dí ẹnu ọ̀nà:

Òkété, kó àgbàdo mi jáde,
— Tẹ̀ǹtẹ́rẹ́!

Títí dòní, ihò Òkété kì í ní ẹnu kan ṣoṣo. Ẹ bi í, yóò ní atẹ́gùn lòun ń gbà.