Èémí Ìdí Arère

Mojírayọ̀, tó ń yẹ èémí igbó wò fún ìlú, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ ti ìdí igi arère kan. Bàbá Arówólò dúró tì í pẹ̀lú ayùn; pákó òrùlé nìkan ló kù kí ilé ọmọ rẹ̀ parí.

"Bàbá, ẹ mọ̀ pé igi tí èémí rẹ̀ bá ń mú òjò ṣú, a kì í gé e."

"Èyí tó ń rùn yìí náà?"

"Òórùn ọ̀hún ló lè di eruku tí ẹ̀kán òjò ń dì mọ́ lókè."

Ẹ̀rọ dún. Mojírayọ̀ wò ó, ó yíjú sí ìtì igi kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín. "Eruku olú tó hù sórí ìtì jíjẹrà yẹn ló pọ̀ jù. Ti igi ò tó nǹkan."

"Olú kẹ̀? A jẹ́ pé òjò ni mo fi jẹyán lánàá!"

"Ẹ gé igi yín, àmọ́ ẹ má fọwọ́ kan ìtì."

Bàbá gbé ayùn, ó sì yípo lọ sí òdìkejì, kí arère má baà wó lu olú.