Díìsì Méjì Nínú Agolo Kan

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o, ẹ kà á tán. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: bí ẹ bá ti ní ẹ̀dà ohun pàtàkì kan, ṣé ọkàn yín lè balẹ̀? "Ó lè balẹ̀," ni Florence náà máa ń wí.

1. Lọ́dún 1989, Florence ni akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ́yìn. Ó tẹ máàkì ọdún mẹ́ta àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá sínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Láìsí máàkì yìí, àjọ ìdánwò kò ní fún ọmọ kankan lésì. Ó wá kọ gbogbo rẹ̀ sórí díìsì pẹlẹbẹ méjì, ó kó méjèèjì sínú agolo bisikíìtì, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì.

Olúkúnlé, olùkọ́ ìṣirò, ní, "Àǹtí Florence, ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀kan lọ sílé."

Florence rẹ́rìn-ín. "Táíwò àti Kẹ́hìndé nìyẹn. Ta ló ń ya ìbejì?"

"Ṣé ẹ tilẹ̀ ti ṣí wọn wò?"

"Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò! Ẹ ó ní kí n ka irun orí mi."

2. Ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ máàkì náà sí ńkọ́? Ó kó o fún ìyá Àpọ́nlé, alákàrà ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kó máa fi wé àkàrà. Àpọ́nlé ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì àṣekágbá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ kọ́.

"Ọlọ́run á bù kún yín, Àǹtí!" ni ìyá náà wí.

3. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, òjò àkọ́rọ̀ bá ìjì wá, ó ká páànù ọ́fíìsì lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, omi ń kán lára kọ̀ǹpútà, agolo ti já bọ́, ó ti ṣí sínú ẹrẹ̀. Florence fọ díìsì méjèèjì, ó sá wọn sóòrùn bí èlùbọ́. Ó gbé wọn lọ sídìí kọ̀ǹpútà ibòmíràn, kò ṣeé kà.

Ó sáré dé ọ̀dọ̀ alákàrà.

"Ìwé yẹn? Mo ti fi wé àkàrà tán, Àǹtí. Ṣé kò sí nǹkan?"



Àwọn olùkọ́ ṣa èyí tí wọ́n rí jọ nínú ìwé tiwọn. Máàkì ọmọ mọ́kànlá kò pé. Àpọ́nlé wà lára wọn. Kò rí èsì gbà lọ́dún náà.

"Èmi ni mo fà á," ni Florence wí fún un, omi lójú.

"Àǹtí, mo gbọ́," ni Àpọ́nlé wí. "Àmọ́ ọwọ́ ìyá mi ló fi máàkì mi wé àkàrà. Ẹ má jẹ́ kí ìyá mi mọ̀ o."

Florence kò sọ ọ́. Títí di òní, bó bá ra àkàrà, ìyá náà á fi èènì méjì sí i: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fún mi níwèé!" 

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀dà tó ń bá ojúlówó sùn nínú yàrá kan náà, òjò kan náà ni yóò pa wọ́n. Ẹ̀dà tí a kò ṣí wò, a kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni. Ẹ má sì sọ ìwé nù kí ẹ tó ní ìdánilójú. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ó yá, ẹ mú ẹ̀dà kan lónìí, ẹ ṣí i wò, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ẹlòmíràn.