Itọ́ Bàbá Táyọ̀

Gbogbo àdúgbò tó wà lẹ́yìn ọjà Ìṣọlọ́ ló ń pe Olúmúyìwá ní Bàbá Táyọ̀. Àwọn tí ń fúnni ní físà nìkan ni kò gbà. Wọ́n fún Àgbékẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní físà tirẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé sí ọkọ pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó tó pé òun ló bí Táyọ̀ tó ń pè wọ́n sí Kánádà. Ìwé ọjọ́ ìbí ló fà á: orúkọ ìyá nìkan ló wà lórí káàdì ilé ìwòsàn, ọmọ náà sì ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kí bàbá tó lọ búra fún un ní kóòtù.

Olúmúyìwá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sínú Bíbélì.

“Wọ́n kọ ọ́ dáadáa,” ó ní. “N ò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.”

Ọdún mọ́kànlá ni Táyọ̀ ti lọ. Ó ti bí ọmọ méjì tí bàbá àgbà wọn kò tíì fọwọ́ kàn rí. Inú fóònù ni wọ́n ti ń juwọ́ sí i. Olúmúyìwá ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń tọrọ láyé ni kó gbé àwọn ọmọ náà lé ẹsẹ̀, kí ojú òsì tó bá ti ọ̀tún lọ. Àgbékẹ́ ní òun ò lọ síbi tí ọkọ òun ò bá lọ. Gbogbo ìjọ ló yìn ín.

Táyọ̀ pè ní ọjọ́ Sátidé.

“Dádì, ẹ jẹ́ ká tún un bẹ̀rẹ̀. Lọ́yà ní tá a bá ti ṣe àyẹ̀wò DNA, wọn ò ní rí nǹkan sọ mọ́. Wọn ò tiẹ̀ ní gba ẹ̀jẹ̀ lára yín. Itọ́ ni.”

“Itọ́ nìkan?”

“Itọ́ nìkan, Dádì.”

“Itọ́ ò wọ́n wa,” Olúmúyìwá ní.

Àgbékẹ́ wà ní ìdáná, ó ń bó ẹ̀wà. Ó ń bó o lọ títí tó fi fẹ́ bó ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó di ọdún mọ́kàndínlógójì tí iléeṣẹ́ rélùwéè gbé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ sí Kàdúná, tó fi òun nìkan sílẹ̀ nínú yàrá kan ní Máfolúkù. Rótìmí, tó ń ránṣọ, ló wà ní yàrá tó kọjú sí tirẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì tán. Kí ọkọ tó gba ìsinmi wálé, oyún ti pé oṣù méjì. Nígbà tí Táyọ̀ dé, Àgbékẹ́ ní ọmọ oṣù méje ni. Kò sí ọmọ oṣù méje tó sanra tó bẹ́ẹ̀ rí ní Máfolúkù. Iṣẹ́ Olúmúyìwá ní rélùwéè ni kó máa kọ àkókò tí ọkọ̀ gbéra àti àkókò tó gúnlẹ̀ sínú ìwé. Ó gbé ọmọ náà, ó ní ara rẹ̀ le, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ. Rótìmí kó lọ sí àdúgbò Ailegun kí ọmọ tó rìn. Wọn kò bí òmíràn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́yà fi páálí kékeré kan ránṣẹ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n wé òwú mọ́ orí wọn. Kéèyàn fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpòòwé, kó dá a padà.

“Bàbá Táyọ̀,” Àgbékẹ́ ní, “ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ìlú òtútù ni, ẹ̀yin náà ò sì fẹ́ràn òtútù.”

“Màá wọ súwẹ́tà.”

“Wọ́n ti fi àbùkù kàn wá lẹ́ẹ̀kan. Ṣé ẹ tún fẹ́ kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ni?”

“Wọ́n ní n ò bí ọmọ mi. Kí ló tún kù tí wọ́n máa sọ?”



Olúmúyìwá ki páálí náà sápò. Ó ní ibi tí òun ti máa fi í ránṣẹ́ lòun ti máa nu ẹnu, kó má baà gbẹ sọ́nà. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ló jáde. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dé.

“Èrò pọ̀,” ó ní.

Ó gbé ṣòkòtò ìrìn àjò rẹ̀ dání nínú ọ̀rá. Ó ti ń gùn jù látọjọ́ yìí. Wọ́n ti bá a gé e, ẹsẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi dúró. Ẹ̀rù kò ba Àgbékẹ́ mọ́. Inú rẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Á lọ sí Òṣòdì, á ra ata, á gbàgbé ata síbẹ̀. Ó kó aṣọ sínú báàgì kan, kì í ṣe ti Kánádà, ti ilé bàbá rẹ̀ l'Abẹ́òkúta ni, ó gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní gbogbo Sátidé tí Olúmúyìwá bá ń gbálẹ̀ yàrá, á sún báàgì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbálẹ̀ ibẹ̀, á sún un padà.

Fóònù dún ní ọ̀sán ọjọ́ Wẹsidé kan.

“Dádì! Ó ti jáde! Wọ́n ní kò sí iyèméjì kankan níbẹ̀!”

“Mo gbọ́,” Olúmúyìwá ní. “Mo kí ọ kú oríire.”

Àgbékẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ru ẹrù, àṣé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó fẹ́ sunkún, omi kò jáde. Nígbà tí físà dé, ó fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó aṣọ Abẹ́òkúta padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì kọrin díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ìrìn àjò, wọ́n jókòó láti ka àwọn tó yẹ kí wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àgbékẹ́ ń pè é, Olúmúyìwá ń kọ ọ́.

“Pásítọ̀.”

“Mo ti kọ ọ́.”

“Ìyá Bàlíkísù tó bá wa gbààwẹ̀.”

“Ó wà níbí.”

“Ọlọ́run ńkọ́?”

“Òun ni mo kọ́kọ́ kọ.”

“Ó tán nìyẹn, Bàbá Táyọ̀.”

“Ó ku Rótìmí ní Ailegun,” Olúmúyìwá ní, ó ń kọ orúkọ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, “kò dáa kéèyàn gba itọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, kó má padà lọ dúpẹ́.”