Orí Túùkú tí Ẹ̀yínadé Ṣèlérí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìbọn.

1.

Ọkùnrin dáadáa ni Ẹ̀yínadé. Ní Erijiyan, bí ẹrù bá wúwo jù fún ẹnikẹ́ni, òun ni wọ́n máa ń pè. Àléébù rẹ̀ kan ni pé ó fẹ́ràn kí wọ́n máa dárúkọ òun.

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń sún mọ́lé, tí oníkálukú ń sọ ohun tí yóò mú wá, Ẹ̀yínadé dìde. Ó ní, "Orí túùkú lèmi ó gbé wá." Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ta ni kò mọ túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ igbó tó ń hú ẹ̀gẹ́ wọn lóko?

Bó ṣe jókòó, Joshua, ọkọ Yẹ́misí àbúrò rẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

"Bọ̀dá, ṣé túùkú náà ti gbọ́?"

"Yóò gbọ́."

Iṣẹ́ ọ̀pẹ kíkọ ni Joshua ń ṣe. Bó bá ti fi igbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gùn ún bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn ló ń bọ́ Yẹ́misí àti ọmọ wọn.

2.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ọdẹ, Baba Bámigbóyè, olórí ọdẹ, fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ọta fún wọn.

"Túùkú yìí ti fẹ́ jẹ uṣu wa tán," ó ní. "Ọta oníkóró ńlá ni gbogbo yín ó kì. Oníkóró wẹ́wẹ́ wà fún ẹyẹ àti ọ̀yà. Awọ túùkú nípọn. Bí ẹ bá fi wẹ́wẹ́ ta á, ẹ kàn bú u ni, yóò sì dá yín lóhùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yínadé náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá kọ́kọ́ tú ẹ̀jẹ̀ lára ẹran ló ni orí, ẹlòmíràn ì báà pa á. Kóró ńlá kì í pọ̀ nínú ọta kan; ó lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹran kọjá láì bà á. Ti wẹ́wẹ́ máa ń fọ́n ká bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ. Kò sí bí ọ̀kan ò ṣe ní kàn án.

Ó yà sẹ́yìn igi kòkó kan bí ẹni fẹ́ tọ̀. Nígbà tó padà, ọta Baba Bámigbóyè ti wà nínú àpò rẹ̀. Ọta ọ̀yà ló wà nínú ìbọn.

3.

Joshua àti àwọn yòókù kó ajá wọ inú igbó láti lé ẹran jáde. Àwọn oníbọn dúró sójú ọ̀nà. Kò pẹ́, akọ túùkú ńlá kan já síwájú Ẹ̀yínadé. Ó yìnbọn fún un. Ẹran náà ta gìrì, ó sì wọ inú ewéko padà.

Joshua jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ewé, ó tò bí ìlẹ̀kẹ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ọta ńlá ni?"

Ẹ̀yínadé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Á jẹ́ pé ó ti ṣubú nìyẹn," ni Joshua wí, ó sì tọ ẹ̀jẹ̀ náà lọ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ẹ̀yínadé fẹ́ pè é padà. Ó rántí orí túùkú, ó sì jẹ́ kó lọ.

Túùkú ò ṣubú. Inú ló ń bí i. Eyín rẹ̀ gé Joshua lẹ́yìn orúnkún, ó gé iṣan. Baba Bámigbóyè ló sáré dé, tó sì pa ẹran náà.

Nígbà tí wọ́n kun ún, wọ́n rí kóró wẹ́wẹ́ nínú ọ̀rá èjìká rẹ̀. Ìkankan ò dé ẹran ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò béèrè ta ló ta wọ́n.

4.

Àwọn dókítà ní Àràmọkọ rán ẹsẹ̀ náà. Wọ́n ní Joshua yóò rìn, ṣùgbọ́n kò ní lè gun ọ̀pẹ mọ́.

Ẹ̀yínadé kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. "Wẹ́wẹ́ ni mo kì. Mo purọ́ fún ọ."

Joshua ní, "Bọ̀dá, bẹ́ ẹ bá sọ fún mi ni, ǹ bá ti dúró de ajá."

Nígbà tí Ẹ̀yínadé délé, orí túùkú wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fi ewé bò ó. Baba Bámigbóyè jókòó tì í.

"Ìbọn rẹ ló kọ́kọ́ tú ẹ̀jẹ̀. Òfin lòfin. Gba orí rẹ."

Ẹ̀yínadé sunkún bí ọmọdé. Baba náà ò bú u. Ó kàn gbọ́wọ́ lé e léjìká, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, kò gbé orí kankan wá. Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí.

Bí ẹ bá gba oko Joshua kọjá lónìí, ẹ ó rí Ẹ̀yínadé lórí ọ̀pẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nínú igbà. Joshua á dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá, á máa pariwo, "Ẹsẹ̀ òsì, bọ̀dá. Òsì. Ẹ má wo ilẹ̀." Ilé Joshua ni gbogbo ẹyìn náà ń lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí ọta yín bá ẹran tí ẹ fẹ́ pa mu. Bí ẹ bá sì ti ṣì í kì, ẹ tètè sọ fún ẹni tó fẹ́ wọgbó nítorí ọ̀rọ̀ yín. Ìtìjú ìṣẹ́jú kan sàn ju ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lọ. Wọ́n ti dárí ji Ẹ̀yínadé, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojú àpá kì í jọ ojú ara.