Èdè Tí Àlájì Yínúsà Fi Pamọ́

Nílé Àlájì Yínúsà ní Doka, nílẹ̀ Haúsá, ẹni tó bá sọ Haúsá nínú pálọ̀ á gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ jáde. Òfin náà ti lé lógún ọdún. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń pa á mọ́ dáadáa: ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé abọ́ jáde, tí wọ́n ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń sọ Haúsá lọ ràì.

Ọ̀rọ̀ Hikmah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń dun Àlájì jù. Ní Iléyá ọdún 2019, Àdíját, àbúrò Àlájì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò kọjá Jẹ́bà rí láyé, kí ọmọ náà lórí fóònù. Gbogbo rẹ̀ ló yé Hikmah, ó sì fi Haúsá dáhùn pé, "Lafiya lau, Mama." Àdíját bi Àlájì pé, "Ọmọ ta nìyẹn?" Ìbéèrè yẹn dùn ún wọnú eegun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún Moróunkẹ́, ìyàwó rẹ̀, pé òun ò fẹ́ kú láìgbọ́ kí Hikmah fi Yorùbá dá èèyàn òun lóhùn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, kòrónà mú un. Ó wúkọ́ títí, kò gbóòórùn ata mọ́, wọ́n sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ sí. Ní ọjọ́ kẹfà, síbí jábọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà Elijah ṣàlàyé fún Moróunkẹ́ pé àìsàn náà a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. Èyí tó dì lára Àlájì ti lọ dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ, ní apá òsì, níbi tí ọ̀rọ̀ sísọ wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi lè fọhùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ máa kọ́kọ́ jáde, Haúsá ni: ó ní kí nọ́ọ̀sì fún òun ní ruwa, ìyẹn omi. Inú gbogbo èèyàn dùn. Nígbà tó fi máa padà sílé, ó ń sọ Haúsá geere bí ẹni tí wọ́n bí sí Zaria.

"Yorùbá bàbá lè pẹ́ kó tó dé," ni dókítà wí. "Ó sì lè má dé mọ́. Kí ẹnìkan máa jókòó tì wọ́n lójoojúmọ́, kó máa kọ́ wọn bí ẹni ń kọ́ ọmọdé."

Àlájì gbọ́. Yorùbá pé sí orí rẹ̀ digbí. Haúsá ló kàn ṣíwájú. Ó ti fẹ́ lanu já dókítà nírọ́ nígbà tí Moróunkẹ́ ní, "Hikmah ló wà nílé. Wọ́n ti ti iléèwé wọn. Òun ni á máa kọ́ wọn."

Àlájì panu dé. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó fi ikọ́ bò ó.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, Hikmah á gbé àga ti tirẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kaka, sannu," á fi Haúsá kí bàbá àgbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á nawọ́. "Ilẹ̀kùn."

"Ƙofa," ni Àlájì á wí, ojú rẹ̀ á rọ̀ bíi ti àgùntàn.

"I-lẹ̀-kùn, Kaka."

"Ƙofa."

Nígbà tó yá, Àlájì gbé iṣẹ́ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ náà. Á fi Haúsá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń dirun, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Hikmah ò mọ̀. Á sáré lọ bá Moróunkẹ́ ní kíṣìnì, á sì máa tún un pè bọ̀ lọ́nà kó má baà gbàgbé: "Ojú gbooro o. Ẹ kú ewu ọmọ." Tí ilẹ̀ bá mọ́, Àlájì á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ọmọ á sì tún bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí kò bá sí ará ilé nítòsí, Àlájì á jẹ́ kí ẹnu òun gba atẹ́gùn díẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń dá sọ̀rọ̀ pé, "Tíì Moróunkẹ́ yìí, àfi bí ẹni pé wọ́n kàn fi ewé tíì han omi lókèèrè." Mai ruwa, ọmọ Haúsá tó ń ti ọmọlanke omi kọjá, bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí Àlájì ṣe sùúrù, ti ìyàwó òun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ya Àlájì lẹ́nu. Kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ti bá Yorùbá gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá pé, àṣírí náà ń rìn ín nínú. Ó pe Àdíját lórí fóònù, ó sì rọra sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé ẹnu òun ò ṣe nǹkan kan, pé Hikmah lòun ń dẹ pàkúté fún, kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Àdíját kò sọ ju "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi" lọ, ó ń sunkún. Àlájì ní ẹkún ayọ̀ ni. Àdíját kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni lóòótọ́; Àlájì yìn ín nínú ọkàn rẹ̀.

Àdíját kọjá Jẹ́bà wá ṣe Iléyá. Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, Hikmah kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, Màmá. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Àdíját dúró sójú kan. "Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ yín ni, Màmá."

Omi bọ́ lójú Àlájì, kò sì nù ún.

Nígbà tí wọ́n jẹ ẹran tán, ó fi ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ kan ilẹ̀ nínú pálọ̀, ó sì dìde. "Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ mi. Mo tàn yín jẹ, dókítà pàápàá. Hikmah, ìwọ ni mo ṣe é fún. Mo pariwo títí, o ò kọ́ ọ, ni mo bá sọ ara mi di ọmọ iléèwé rẹ. Yorùbá ò kúrò lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan."

Moróunkẹ́ fi etí ìborùn nu ojú. Àlájì ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ dùn pé òun mú gbogbo wọn.

Àdíját yíjú sí Hikmah, ó bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n òun wí, ọmọ náà sì sún mọ́ ọn, ó rọra ń tú Haúsá bàbá àgbà rẹ̀ sí Yorùbá fún un, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn, títí ó fi dé èyí tó gbẹ̀yìn: "Wọ́n ní Yorùbá ò kúrò lẹ́nu àwọn lọ́jọ́ kan."